Epo Pupa Kì í Gba Ọ̀nà Èémí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́ ní ilé eku, ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mò ń fi ọmọ odó lé eku kiri nílé wa ní Ìgàndó, wọ́n ní kí n máa pààrọ̀ ibùsùn fún eku! Eku funfun olójú pupa ni wọ́n, nínú láàbù ìwádìí kan ní ìhà Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù.

Wọ́n máa ń kó àwọn kan nínú eku náà sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n á fẹ́ eruku tó ń tú ìtànṣán olóró jáde sí wọn nímú. Àwọn yòókù ń mí afẹ́fẹ́ lásán. Tó bá pẹ́, Dókítà tó ń ṣe ìwádìí náà á la àyà wọn, á yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò. Èmi náà kì í wọbẹ̀ láìbo imú.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo débẹ̀ kí Dókítà tó pè mí lọ́jọ́ kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni.

“Ìyá Sàkírù, ẹ wá wò ó.” Kókó funfun kan wà lára ẹ̀dọ̀fóró eku ọwọ́ rẹ̀. “Jẹjẹrẹ nìyẹn.”

“Ṣé gbogbo àwọn tó fa eruku yẹn símú ló máa ní in ni?”

“Rárá o. Àmọ́ àwọn tó ń ní in láàárín wọn pọ̀ ju ti àwọn tí kò fà á lọ. Èwo gan-an ló máa kàn, n ò lè tọ́ka sí i.”

Mo bi í léèrè ibi tí irú eruku bẹ́ẹ̀ tún wà. Ó ní ó wà lára ọ̀pá wẹ́dà kan tí orí rẹ̀ pupa. Tí wọ́n bá ti ń pọ́n ọn, eruku náà á máa tú jáde. Wẹ́dà ni ọkọ mi ní Ìkọ̀tún. Ọ̀pá olórí pupa yẹn gan-an ló fi ń jó irin tí kì í dógùn-ún, ojoojúmọ́ ló sì ń pọ́n ọn láìbo imú.

Mo sáré sọ fún un nílé. Ẹ̀rín ló fi mí rín.

“Kí wá ni epo pupa wà fún?”

Àṣà gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: tí iṣẹ́ bá parí, oníkálukú á mu epo pupa kó lè fọ èéfín kúrò láyà.

“Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mu ún títí ó fi darúgbó. Ṣé eku ń mu epo ni? Ìyá Eku, jẹ́ kí n sinmi jàre.”

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. N ò fẹ́ di opó nítorí oríkunkun ẹnì kan. Ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, ìjà náà ò ràn án.

Ni Iléyá bá dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi, kì í gbé àgbò rẹ̀ fún alápatà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pa á, òun náà ló ń kun ún. Bó ṣe fẹ́ yọ fùkù, ìyẹn ẹ̀dọ̀fóró àgbò náà, báyìí, mo gbé ìgò epo rẹ̀ dé.

“Bàbá Sàkírù, ẹ dákun, ẹ da epo yín sí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà.”

“Orí ẹ pé ṣá?”

“Ẹ ṣáà dà á.”

Ó dà á. Epo gba ọ̀nà ṣàkì lọ tààrà, kò kan fùkù rárá. Mo wá fi ẹnu sí ọ̀nà èémí, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Fùkù wú sókè.

“Ibí ni eruku yín ń gbà. Ta ló ń da epo síbí?”

Ọkùnrin tó ti ń kun àgbò láti kékeré dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń wo fùkù bó ṣe ń rọlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn Iléyá, ọkọ mi wọ ilé ìdáná wá, ó gbé ìgò epo síwájú mi.

“Fi se ọbẹ̀.” Ó wá na ọwọ́. “Ìbomú tó o máa ń sọ yẹn dà?”

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó ṣì ń jórin, ó ń bo imú, ọ̀pá olórí pupa ò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Àmọ́ èyí tó ti fà símú tẹ́lẹ̀ ń kọ́? Tó bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ mi á dúró lórí ohunkóhun tí mo bá ń ṣe. Òun náà á ti rí mi.

“Òtútù ni, Ìyá Eku.”

Àmín ni mo máa ń ṣe.