Ampilifáyà Bọ̀ọ̀dá Ṣítù

Ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ṣítù ti sú Luqman pátápátá. Iṣẹ́ rẹwáyà ni Luqman ń ṣe ní Ẹgbẹ́dá, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe jẹun. Bọ̀ọ̀dá Ṣítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ń fi Dátsùn kó èrò láti abúlé wọn lọ sí Alákia. Lọ́dún 1992, ó ra ampilifáyà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń fún ohùn rédíò ọkọ̀ lágbára, ó ní kí àbúrò òun bá òun so ó.

Luqman so ó dáadáa. Ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Wáyà tó nípọn ló fi fa iná, ó sì ki fíùsì sí i nítòsí bátìrì, kó lè jẹ́ pé bí wáyà bá bó níbì kan, fíùsì ni yóò jó, kì í ṣe ọkọ̀. Ó ha ọ̀dà kúrò lára irin ọkọ̀ kó tó de wáyà kejì mọ́ ọn. Ó gbé ẹ̀rọ náà sí búùtù, níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì ara rẹ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn lọ sókè, ara rédíò ni kí ẹ ti yí i. Ẹ má sì gbé ẹrù lé e o, ó máa ń gbóná."

"Mo ti gbọ́."

Kò gbọ́. Kò pẹ́ tó fi yí bọ́tìnnì náà dópin, tí ohùn sípíkà ń ha gooro, tí àpò gààrí sì jókòó lé ẹ̀rọ lórí. Luqman tún un ṣe. Fíùsì jó. Luqman pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó tún jó, Bọ̀ọ̀dá Ṣítù ò wulẹ̀ wá mọ́. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ló ká, tó ki bọ àyè fíùsì.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Alákia lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti búùtù. Mùsílímátù, tó ń gbé tòmátì lọ sọ́jà, pe awakọ̀, ó tún un pè, kò wẹ̀yìn. Ìgbà tó gbá a léjìká ló tó tẹ bíréèkì. Gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ láìfarapa, wọ́n sì da yanrìn pa iná náà, ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn ti jó dúdú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Luqman. Nígbà tó rí bébà sìgá, ó fà á yọ, ó sì lọ dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ sun àwọn ọmọ ọlọ́mọ mọ́nú ọkọ̀ ni? Kí ni mo ti ń wí láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo iwájú bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mùsílímátù ló dáhùn.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì wọn lẹ dúró sí. Ẹ bọ́ sí ọ̀tún kí ẹ tó bá wọn wí. Gbogbo àwa tá à ń wọ ọkọ̀ wọn la mọ̀."

Luqman rántí iye ọdún tí Bọ̀ọ̀dá Ṣítù fi wa katakátá aláriwo tí wọ́n fi ń túlẹ̀ lóko ìjọba. Ó bọ́ sí ọ̀tún.

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Mi ò tíì darúgbó."

Nígbà tí wọ́n lọ sọ́sípítù, dókítà ní etí òsì ti lọ, kó má fi ariwo ba ọ̀tún jẹ́. Wáyà ló jó, ampilifáyà ò bàjẹ́, ṣùgbọ́n Luqman yọ ọ́ kúrò, Bọ̀ọ̀dá Ṣítù sì bínú débi pé kò yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní gbogbo ààwẹ̀. Nígbà Iléyá, ó gbé ẹran wá. Ó jókòó, ó ní kí àbúrò òun dá ẹ̀rọ òun padà, ọkọ̀ náà ti dákẹ́ jù.

"Ẹ máa bá èrò sọ̀rọ̀."

"Mi ò kì í gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ."

Luqman gbé ẹran náà wọlé fún ìyàwó rẹ̀.