Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ọjọ́ Ààwẹ̀

Títí dòní, bí mo bá rí bútà, ìyá onílé mi ní àdúgbò Kpata ni mo máa ń rántí. Ará Ìlọrin ni, aṣọ ló ń tà. Kì í fi bútà náà ṣe àlùwàlá kó má wí pé, "Àníyàn ló ṣáájú," ìyẹn ohun tí èèyàn pinnu lọ́kàn.

Èmi akọ̀wé tuntun, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Kàbà, fọ́nnu nínú oṣù Ràmàdáánì pé èmi náà á gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo agbo ilé ń retí kí n tẹ́.

Lọ́sàn-án, mo ṣèèṣì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Mo sáré tọ ìyá lọ.

"Ìyá, mo ti bà á jẹ́!"

"Ṣé o gbàgbé ni?"

"Pátápátá, mà."

"Ọlọ́run ló fún ọ jẹ. Máa bá ààwẹ̀ rẹ lọ."

Háà, ẹ̀sìn yìí mà dùn o! Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo tún fẹ́ gbàgbé. Mo ń bó ìkejì lọ́wọ́ ni ìyá yọ sí mi tòun ti bútà.

"Akọ̀wé, ẹnu lè gbàgbé. Ṣé ọwọ́ tó ń bó o náà gbàgbé? Àníyàn dà?"

Agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo rọra gbé e kalẹ̀, n kò fẹnu kàn án.

Bí oòrùn ṣe wọ̀, èmi ni ìyá kọ́kọ́ na dàbínò, èso tí wọ́n fi ń ṣínu, sí, níṣojú gbogbo wọn.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Kò dìgbà tó o bá gbàgbé mọ́!"