Ológbò Inú Àpótí Ìyá Ọkọ Mi

Wọ́n ní ìyàwó tuntun kì í lẹ́nu nílé ọkọ. Èmi lẹ́nu. Ẹnu yẹn ló gbé ológbò wọ ilé aládùúrà ní abúlé wa l'Akínyẹlé, nígbà tí òmìnira kù díẹ̀ kó dé.

Ìyá ọkọ mi ló nilé, aláṣọ funfun paraku ni wọ́n. Eku ń jẹ sùtánà wọn. Wọ́n rán òmíràn, eku tún lu ú. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí gbogbo igun ilé, bẹ́ẹ̀ inú àpótí kan náà ni wọ́n ń kó sùtánà àti àbẹ́là sí! Eku tó ń wá ọ̀rá àbẹ́là, ibo ni kó gbà bí kò bá gba inú aṣọ kọjá? Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohun mímọ́ ni méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n ń gbé." Mo bá gba ọjà Ṣáṣá lọ.

Ìyá aláta kan ló fún mi lọ́mọ ológbò náà. Dúdú ni, àfi ṣónṣó ìrù rẹ̀ tó funfun. Mo kì í sínú àpò, mo yí i po, yí i po, kó má baà mọ ọ̀nà ilé padà, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Jésù! Ṣé àjẹ́ lo lọ gbé wá bá mi?" Ìyá ọkọ mi fò sẹ́yìn. Wọ́n ní tí eku bá fi lè kan sùtánà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìkórè, èmi ni màá fọwọ́ ara mi gbé ológbò náà padà. Mo ní, "Ó dáa, Ìyá."

Ológbò ọ̀hún wá lójo! Ẹnikẹ́ni húkọ́, ó ti wọ ẹ̀yìn ìkòkò omi. Eku kọjá níwájú rẹ̀, òun ló sá. Àwọn ará ilé fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí: "Ìyàwó, ológbò rẹ mà ń bẹ̀rù eku o!" Ojú tì mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ku èmi àti ẹ̀, tí mo fa okùn nílẹ̀, eré dé nìyẹn: á fò, á yí gbirigbiri, á gbá okùn mú. Mo ní ọwọ́ tó yá báyìí kò lè ṣàìpa nǹkan.

Ìkórè ku ọ̀la, ìyá ọkọ mi ń ká sùtánà tuntun sínú àpótí. Àmùrè rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọ ológbò yọjú, ó tẹ̀ lé àmùrè, ó bá a wọnú àpótí. Wọn kò rí i. Wọ́n pa ìdérí dé.

Gbì! Gbì! Àpótí ń mì. "Ẹ̀mí àìmọ́!" Ìyá ọkọ mi gbá agogo àdúrà mú, wọ́n ń lù ú kíkankíkan. Èmi ṣí àpótí. Ológbò bẹ́ jáde, eku ńlá kan wà lẹ́nu rẹ̀! Eku ti dá ihò sí ìdí àpótí láti ìgbà yìí wá. Mo gbé sùtánà sókè: kò sí ojú kan tó ya. Mo jó! Mo jó yí agbo ilé ká, mo ń pe gbogbo àwọn tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ kí wọ́n wá wòran.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi dìde jẹ́rìí nínú ìjọ, aṣọ wọn funfun báláú. "Ọ̀tá tó ń jẹ aṣọ mi, Olúwa fi ológbò ìyàwó mi pa á!" Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Nígbà tí a délé, wọ́n bu ẹja inú ọbẹ̀ tiwọn fún ológbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí àpótí, wọ́n kó àbẹ́là jáde níkọ̀ọ̀kan. Wọn kò wojú mi.