Ojú Là, Ọpọlọ Ti Sùn

Bọ̀ọ̀dá mi kì í jágbe mọ́ èèyàn. Bí èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ bá ń bú u, ẹ̀rín ló fi máa ń dá wọn lóhùn. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń bọ̀ láti ìlú Tápà. Màmá àgbàlagbà kan ní kó jọ̀ọ́ bá òun gbé àpò èlùbọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ló bá kígbe mọ́ ọn:

"Ẹ gbé e fúnra yín! Ṣé alábàárù yín ni mí ni?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé àpò náà, mo bẹ màmá, mo wá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ̀ọ̀dá mi níwájú.

Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni. Bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á jí. Ara ìyàwó kò tíì le, bọ̀ọ̀dá ló ń pọ̀n wọ́n kiri ilé di ìdájí kó tó jáde síṣẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ sùn rárá?"

"Ojú mi dá ṣáká. Wò ó."

Mo wò ó. Ojú là lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi pé kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Mo ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí àga, mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá: òjò, iṣu, iléèwé tí mo ti ń kọ́ni l'Éruwà. Ó ń dáhùn, "Ẹn, ẹn." Mo wá bi í bóyá epo ṣì wà nínú ọkọ̀.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti jẹun."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró!" Kò dúró.

A ti kọjá Ìdèrè nígbà tí mo rí agbo màlúù lójú títì níwájú. Mo rò pé òun náà rí wọn. Eré ọkọ̀ kò dín. Mo pariwo, mo na ọwọ́, mo gba sítíárìn mọ́ ọn lọ́wọ́, mo yí i sápá ọ̀tún. A wọgbó, a gun ebè ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ọkọ̀ sì kú.

Bọ̀ọ̀dá mi yíjú sí mi. "Kí ló dé?"

"Màlúù!"

"Màlúù wo?"

Ọlọ́run yọ wá. Orúnkún màmá elélùbọ́ nìkan ló bó. Ní ilé ìwòsàn kan n'Ígbó-Ọrà, nọ́ọ̀sì tó ń fọ ojú ọgbẹ́ náà là á yé wa.

"Bí oorun bá ti wọ́n èèyàn jù, apá kan ọpọlọ á lọ sùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ojú á ṣì là sílẹ̀. Apá tó ń kó wa níjàánu náà á ti rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ á di oníbìínú. Ọpọlọ ló ń kọ́kọ́ lọ, kí àṣìṣe tó tẹ̀ lé e."

Bọ̀ọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá.

"Dìde, ọmọ mi," ni màmá wí. "Èmi náà bí ìbejì. Omi gbígbóná ni mo dà sínú àpò èlùbọ́ nígbà náà, mo tún ń wá ìkòkò kiri."

Mo gbé ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi àtàwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ ìyá wa. Bọ̀ọ̀dá mi sùn títí ilẹ̀ fi ṣú, tó tún fi mọ́. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ náà ti padà.

Èmi ni n kò rójú mọ́. Bí mo bá wọ ọkọ̀, ojú awakọ̀ ni mò ń wò, n kì í wo ọ̀nà. Ọ̀kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ mí níbì kan ni?" Mo ní rárá, mo sì ń wò ó lọ. Nínú kíláàsì pàápàá, bí ọmọ kan bá ti tẹjú mọ́ pátákó tí kò ṣẹ́jú, mo ti dìde.