Ọjọ́ Tí Àwọn Obìnrin Ìjọ Gbàdúrà fún Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Wa

Òórùn yàrá yẹn ò tíì kúrò nímú mi: jẹ́sì àtijọ́ tí kò gbẹ dáadáa rí, òróró ìpara tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń wọ́ ẹsẹ̀, àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín fún bọ́gà níta. Abẹ́ ibi ìjókòó òǹwòran ló wà, ní pápá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré kan lápá East Dulwich ní London, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Rye Lane tí bọ́ọ̀sì bá ti kún jù. Ẹgbẹ́ náà kéré débi pé gólkípà fúnra ẹ̀ ló máa ń lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tí bọ́ọ̀lù bá fò sí ọgbà wọn.

Mo ti sá kúrò ní yunifásítì nígbà yẹn. History ni mo lọ kà. Mi ò ka nǹkan kan. Àmọ́ mi ò sọ fún Mummy. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbé báàgì kọ́ èjìká, màá ní library ni mò ń lọ, wọ́n á gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n á di ìrẹsì fún mi. Èmi àti bàbá òyìnbó kan tó ń tọ́jú ìtàn ẹgbẹ́ náà la jọ máa ń jẹ ẹ́. Ata á máa ta bàbá yìí, omi á máa bọ́ lójú wọn, wọn ò sì ní dáwọ́ dúró. Inú páálí bàtà ní yàrá yẹn ni wọ́n kó fọ́tò àti ìwé àtijọ́ ẹgbẹ́ náà sí. Ibẹ̀ ni mo ti wá kọ́ history tí mo sá fún.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe ọjọ́ ìbí, ohùn bàbá yìí há, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ ìtàn náà fáwọn àlejò. Mo wọ ṣúùtù graduation mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ra ṣúùtù kí n tó sá. Mo gun orí àga. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu ni Mummy wọlé, àwọn obìnrin ìjọ wọn tẹ̀ lé wọn. Hítà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló bàjẹ́, wọ́n wá háyà gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa fún àdúrà, wọ́n sì ṣèèṣì gba ẹnu ọ̀nà tiwa wọlé. Mummy wò mí láti orí dé bàtà. Wọ́n jókòó.

Kí ni kí n ṣe? Mo ń bá ìtàn lọ. Mo ní iná jó ibi ìjókòó.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," làwọn obìnrin náà dáhùn.

Mo ní wọ́n gba pápá lọ́wọ́ wa nígbà kan.

"Kò ní jẹ́ tiwa."

Mo ní a já sí líìgì ìsàlẹ̀, a padà gòkè, a tún já. Ìyá tó ń darí àdúrà wọn bá dìde.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ṣe ìdáǹdè fún ẹgbẹ́ yìí?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba coach tuntun, Ma."

"Coach kọ́. Ogun ìdílé leléyìí."

Bí wọ́n ṣe tú jáde sórí pápá nìyẹn, wọ́n yí ojú gólì ká. Gólkípà tẹrí ba, ó rò pé ara ètò ọjọ́ ìbí ni. Bàbá òyìnbó tí ohùn há ń fi ohùn náà ṣàmín. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wá bá wa gbá nà wá ní mẹ́rin sí òdo, ojú gólì táwọn obìnrin náà gbàdúrà sí gan-an ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọ̀. Ìyá aládùúrà ní òróró làwọn ò gbé dání.

Lẹ́yìn eré, Mummy pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́gà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, ketchup lẹ̀ mọ́ táì mi.

"Látìgbà wo?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́jọ, Mummy."

"Ìrẹsì mi ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí bàbá òyìnbó. Bàbá náà juwọ́ sí wọn tayọ̀tayọ̀.

Mummy juwọ́ padà sí wọn, wọ́n wá kọjú sí mi. "O ní ẹgbẹ́ yìí já, ó tún gòkè. Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Mummy."

"Ìwọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fún ẹ láti já. Dìde, o ti ba ṣúùtù jẹ́."

Mo máa ń rí i pé ẹgbẹ́ tó já, àwọn èèyàn ẹ̀ ṣì ń wá jókòó sínú òtútù wò ó. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ní òǹwòran. Mi ò tíì gòkè o. College ìrọ̀lẹ́ ni mo wà báyìí, mo ṣì máa ń pẹ́ dé. Àmọ́ kí n tó bọ́ bàtà ní Sátidé, Mummy á ti béèrè iye tí wọ́n nà wá. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mí kanlẹ̀. Tí Sátidé mìíràn bá wá dé, ike ìrẹsì méjì ni wọ́n máa ń dì: ọ̀kan tèmi, èkejì tí ata ẹ̀ ò pọ̀.