Bí Ìyá Onílé Wa Ṣe Ń Túmọ̀ Fíìmù

Ohùn ìyá onílé wa ní Agége máa ń yí padà tí wọ́n bá ń wo fíìmù àwọn ará Pólàndì kan. Wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ohùn ọkùnrin, wọ́n á máa túmọ̀ fíìmù náà fún àwa ayálégbé. Ìwé ìtàn àtijọ́ kan tí ọmọ ilé-ìwé ń kà lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá, ọkọ wọn, tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólàndì kó tó ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ló mú un bọ̀. Bàbá ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Níparí rẹ̀, sójà kan gun ẹṣin, ìyàwó rẹ̀ dúró nínú yìnyín. Ìyá á ní, “Ó ní òun ń bọ̀.”

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin wọn rí fíìmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A jọ wò ó. Ohun tí sójà náà sọ ni pé, “Má dúró dè mí. Mi ò ní padà wá.”

Ọmọ wọn wojú wọn. “Màámi, ṣé Dádì parọ́ fún yín ni?”

Ìyá fi etí ìró nu ojú. “Ọdún tí àkọ́bí wa kú la kọ́kọ́ wò ó. Bàbá ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn.”

Wọ́n wá dárúkọ àkọ́bí náà. Ọmọbìnrin wọn ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ó dìde, ó dì mọ́ wọn, Ìyá sì sunkún.