Erékùṣù Tí Panla Ti Ń Wá

Imú mi ni ọ̀gá mi fi ń tajà. Mi ò fi ṣe fáàrí, bó ṣe rí nìyẹn. Ní ìsọ̀ wọn ní Mile 12, kò sí oníbàárà tó máa sanwó àpò panla kí n tó tú u, kí n yọ ẹyọ kan, kí n ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, kí n sì gbé e símú. Bí mo bá ní ó dáa, wọ́n á rà á. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á mọ́wọ́ kúrò. Panla a máa le bí igi lójú, kó sì ti bà jẹ́ nínú.

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ìsọ̀ náà tí àwọn tó ń kó ẹja wá fún wa fi ránṣẹ́. Àwòrán àwọn erékùṣù kéékèèké ló wà níbẹ̀, lókè téńté ayé, níbi tí yìnyín ti bo orí òkè, tí ilé pupa tò sétí omi, tí wọ́n sì so ẹja rọ̀ sórí igi lọ rẹrẹẹrẹ kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Wọ́n ní ìgbà kan wà lọ́dún tí oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Ìyá mi ń tọrọ Mẹ́kà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi, ibẹ̀ yẹn ni mò ń tọrọ. Ajégúnlẹ̀ etídò ni mò ń gbé, níbi tí omi ti ń lé wa kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dọọdún. Mo fẹ́ fojú mi rí omi tó mọ ìwọ̀n ara ẹ̀.

Lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà, òyìnbó kan wá láti erékùṣù náà láti wo bí a ṣe ń ta ẹja wọn. Ó fi aṣọ dì mí lójú, ó gbé ẹja mẹ́wàá síwájú mi. Mo yọ méjì tó ti bà jẹ́ jáde. Ó pàtẹ́wọ́ títí. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan wà nílùú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé mo gbọ́dọ̀ wá ṣàlejò lọ́dọ̀ ẹ̀, àwọn á sì kọ ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ìsọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

Mo retí ìwé náà títí, n kò rí nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní àwọn ń lọ kí àbúrò àwọn ní London. Èmi ni mo bá wọn di ẹrù, tí mo tún ṣàdúrà àlọ-àbọ̀ fún wọn. Wọ́n bọ̀, wọ́n fún mi ní ṣokoléètì.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọjà tuntun dé. Oníbàárà mẹ́rin ló dúró tì mí, ọ̀gá mi náà wà níbẹ̀, nígbà tí mo tú àpò àkọ́kọ́. Fìlà òwú kékeré kan, ti ọmọ ọwọ́, ló bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Ọ̀kan nínú wọn tó ti ṣe tíṣà rí kà á sókè, ó ń túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń kà á: àwọn òyìnbó ń kí mi kú oríire oyún, ó dùn wọ́n pé oyún náà ò jẹ́ kí n lè wá, àmọ́ inú wọn dùn pé ọ̀gá mi wá dípò mi, ọ̀gá mi ló fọwọ́ ara wọn yan ẹja yìí.

Ọdún kẹrin nìyẹn tí mo ti délé ọkọ, mi ò tíì fẹ́ra kù rí. Ọ̀gá mi mọ̀. Àwọn gan-an ló ń bá mi gbààwẹ̀.

Mi ò pariwo. Mo ṣẹ́ ẹja, mo gbé e símú. Yìnyín ti mú un kí atẹ́gùn tó gbẹ ẹ́, ó ti bà á jẹ́. Ó ti kan wọ àárín eegun. Mo nà án sí ọ̀gá mi.

“Mummy, ẹ̀yin lẹ yàn án lọ́hùn-ún. Ẹ bá wa gbóòórùn ẹ̀.”

Wọ́n gbé e símú. “Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Ó dáa gan-an.”

Àwọn oníbàárà yíjú sí mi. Mo dákẹ́. Tíṣà ló kọ́kọ́ mọ́wọ́ kúrò, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

“Sọ̀rọ̀ nítorí Ọlọ́run! Ṣé o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?”

“Ẹ má bínú, Mummy. Oyún ni. Tí mo bá gbóòórùn ẹja, èébì á gbé mi.”

Mo kó bàtà mi, mo fi ìsọ̀ sílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlà wa ti gbọ́, ó sì dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀gá mi wá bá mi nílé, tí wọ́n ń gba orí pákó kọjá nínú omi. Àpò náà ṣì wà nílẹ̀ ní ìsọ̀, ẹnikẹ́ni ò rà á. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ó yẹ kí n dì wọ́n mú. Mi ò dì wọ́n mú.

“Ẹ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún mi,” ni mo wí.

Wọ́n sọ ọ́. Òtútù tó ń gé etí, ẹyẹ funfun, ọbẹ̀ ẹja tí kò láta, oòrùn tó kọ̀ tí kò lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, mo béèrè pé òórùn wo ló wà níbẹ̀, lábẹ́ igi tí wọ́n so ẹja rọ̀ sí, tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ojú omi.

Wọ́n gbójú sókè wò mí.

“Mi ò kíyè sí i, ọmọ mi.”

Mo ní kí wọ́n dìde kí wọ́n máa lọ. Títí di òní, mi ò tíì dárí jì wọ́n.